“Iṣẹ́ ọnà ìdánwò”? Èmi ò fọwọ́ sí i o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ti ka àbá tó wà nílẹ̀ lórí ohun tí a ó máa pe “experimental art” ní èdè Yorùbá. Àwọn oníṣẹ́ ọnà kan wà tó ń fi ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣiṣẹ́ rí ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń da ìlànà kan pọ̀ mọ́ òmíràn láìmọ ibi tí yóò já sí. Wọ́n ní kí a máa pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní “iṣẹ́ ọnà ìdánwò”. Mo rí i pé àwọn kan ti gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú, èmi ò gbà.

Ìdánwò ní ẹni tó ń dánni wò. Onítọ̀hún ti mọ ìdáhùn kí a tó jókòó. Bí a bá gbà á, a yege. Bí a ò bá gbà á, a fìdí rẹmi. Bí ó bá wá di àdánwò, ọ̀rọ̀ ìpọ́njú ló dé yẹn. Ta ló ń dán oníṣẹ́ ọnà wò?

Ẹ wo Leonardo da Vinci, ayàwòrán ará Ítálì. Nígbà tó ń ya Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn sára ògiri ní Milan, láàárín nǹkan bí 1495 sí 1498, kò tẹ̀ lé ìlànà àtijọ́ pé kí ayàwòrán tètè kun ọ̀dà nígbà tí ìrẹ́ ara ògiri ṣì tutù, kí àwọ̀ lè mu wọnú rẹ̀. Ó fẹ́ ráyè, kó máa kúrò nídìí rẹ̀, kó máa padà wá tún un kùn. Ló bá kùn ún sórí ògiri gbígbẹ. Kí ó tó kú ní 1519, ọ̀dà náà ti ń ṣí. Bí ó bá jẹ́ ìdánwò ni, òdo ni Leonardo gbà. Ṣé ohun tí a fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa máa sọ nìyẹn?

Ẹlòmíì ní kí a lo “àrà”. Mo fẹ́ràn àrà, ó dùn lẹ́nu. Àmọ́ ẹni tó ń dárà mọ ohun tó ń ṣe. Àwa òǹwòran lẹnu ń yà. Nígbà tí Picasso, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Sípéènì, mú ìjókòó kẹ̀kẹ́ kan àti irin ìdarí kẹ̀kẹ́ ní 1942, tó so wọ́n pọ̀, tí wọ́n di orí akọ màlúù, àrà nìyẹn, mi ò jiyàn. Orúkọ ohun tó jáde ni àrà. Kì í ṣe orúkọ gbogbo ọ̀sán àti òru tí èèyàn fi ń fọwọ́ táràrà wá a.

Lójú tèmi, inú “wò” ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀: tọ́ ọ wò, gbé e wò, wọ̀ ọ́ wò, sọ ọ́ wò. Wò yìí kì í ṣe ti ojú mọ́. Ohun tó ń sọ ni pé a ṣe nǹkan kí a lè mọ ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, a ò sì tíì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó dé fìlà wò, tí fìlà ò bá a mu, kò sẹ́ni tó máa ní ó fìdí rẹmi.

Ṣe é wò, nígbà náà. Àṣewò! Inú mi ti dùn, mo ti fẹ́ fi ránṣẹ́, kí n tó rántí pé ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ yọ àmì kúrò lára àṣewò, kí ẹ wo irú obìnrin tó dúró síbẹ̀. Ẹ wá rò ó wò, kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ yẹn gàdàgbà sí iwájú ìwé ìpè síbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà. Àwọn tó máa wá kò ní wá torí àwòrán.

Ìṣewò ni mo mú wá dípò rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ìṣewò. Oníṣewò lẹni tó ń ṣe é. El Anatsui, ọmọ Gánà tó fi Nsukka ṣe ibùjókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, máa ń tẹ ìdérí ìgò ọtí pẹlẹbẹ, á fi wáyà bàbà so wọ́n pọ̀ títí yóò fi dà bí aṣọ ńlá. Kò fi dandan lé bí wọ́n ṣe máa gbé e kọ́. Ibi tí yóò ti ká, ibi tí yóò ti rọ̀, ọwọ́ àwọn tó ń gbé e kọ́ ló kù sí. Ìṣewò náà kò parí nígbà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ìdánwò sọ gbólóhùn yẹn, kí n gbọ́.

Ìdérí ìgò yìí rán mi létí nǹkan mìíràn. Gbogbo wa ń kọ “ohun èlò” fún ohun gbogbo. Búrọ́ọ̀ṣì àti òòlù ni ohun èlò: a lò wọ́n tán, a gbé wọn padà sílẹ̀. Ohun tó wọnú iṣẹ́ lọ tí kò jáde mọ́, èèlò ni, bí èèlò ọbẹ̀. Ní 1912, Picasso kan náà lẹ aṣọ tí wọ́n tẹ àwòrán ìhun àga sí mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi okùn yí i ká. Èèlò ni okùn yẹn. Ká ní ó kàn fi di àwòrán náà gbé relé ni, ohun èlò ni ì bá jẹ́.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ tí a ó lò fún oníṣẹ́ ọnà tó mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe léwu fún iṣẹ́ òun, tó sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò yẹ kó gùn. “Ìfewuṣọnà” tí ẹnì kan dá lábàá ń há mi lọ́fun. A ṣáà ti ní “fẹ̀mí wewu”. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó fi iṣẹ́ rẹ̀ wewu. Eva Hesse, tí wọ́n bí ní Jámánì ní 1936, tó sì kú ní Amẹ́ríkà ní 1970, fi oje rọ́bà ṣe ère, ó sì mọ̀ pé oje rọ́bà kì í tọ́jọ́. Lónìí, àwọn kan nínú wọn ti gan, wọ́n ti ń sán. Leonardo ò mọ̀, Hesse mọ̀. Leonardo ṣe é wò, Hesse fi iṣẹ́ rẹ̀ wewu. Ọ̀rọ̀ ìṣe ti ṣe é tán, a ò nílò orúkọ kankan níbẹ̀.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju ìṣewò lọ, kó fi í sínú gbólóhùn kan nípa Hesse, kó fi ránṣẹ́ láìfi àmì sí i, ká wo ohun tí yóò dà.