Bíìlì méjì lórí AC 1.5HP ní Àkúrẹ́: èwo ni kí n mú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Oníṣẹ́ méjì kọ bíìlì fún mi láti so AC inverter 1.5HP ní Alágbàká. Ti èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Kí ló lè fà á?

Ìdáhùn 1: Àbúrò, má tíì wo àròpọ̀ ìsàlẹ̀. Bi wọ́n bóyá bàbà ni páìpù wọn tàbí alumíníọ́ọ̀mù. Alumíníọ́ọ̀mù ò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ tí wọ́n fẹ̀ kí nọ́ọ̀tì lè dè é tètè máa ń sán, gáàsì á wá máa jò díẹ̀díẹ̀. Bi wọ́n pẹ̀lú bóyá wọ́n á fi vacuum pump fa afẹ́fẹ́ inú páìpù, ó kéré tán ìṣẹ́jú 20, kí wọ́n tó ṣí gáàsì. Ibẹ̀ gan-an ni olówó pọ́ọ́kú ti ń fo iṣẹ́: á tú gáàsì díẹ̀ dànù, á ní ó ti parí. Ọ̀rinrin tó kù nínú páìpù ló ń ba kọ̀mpírẹ́sọ̀ jẹ́.

Ìdáhùn 2: Òótọ́ ni. Lébẹ́lì tàbí ìwé ẹ̀rọ máa ń sọ iye mítà páìpù tí gáàsì inú rẹ̀ gbé. Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, òṣùwọ̀n ni kí wọ́n fi wọn àfikún, kì í ṣe ojú. Bó bá jẹ́ gáàsì R32 ni AC náà ń lò, kí wọ́n má lo géèjì tí wọ́n fi ń wo agbára R22, irú gáàsì àtijọ́. Agbára tí R32 fi ń ti páìpù ju ti R22 lọ, ó sì lè gbaná.

Ìdáhùn 3: Kí páìpù tí omi AC ń gbà jáde dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀. Bó bá gbé ikùn sókè níbì kan, omi á padà sára ògiri yàrá. Kí AC náà ní bíréékà tirẹ̀ pẹ̀lú.

Oníbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. “Páìpù” lásán ni bíìlì àkọ́kọ́ kọ, kò dárúkọ vacuum rárá.