Ẹ sọ tiyín: nígbà tí owó wọ inú sọ́fítíwià tí gbogbo wa jọ ń lò

Ọmọ Yaba:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo wà. Sọ́fítíwià kan tó ń jẹ́ Redis la fi ń tọ́jú ohunkóhun tó bá gbọ́dọ̀ jáde kíá. Ní oṣù Kẹta 2024, agbẹjọ́rò wa ló kọ́kọ́ pè mí, kì í ṣe ẹlẹ́rọ kankan: “Ṣé ẹ gbọ́ pé wọ́n ti yí láísẹ́ǹsì Redis padà?”

Láti 2009 tí Salvatore Sanfilippo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ítálì, abẹ́ láísẹ́ǹsì BSD, ìyẹn ìwé àṣẹ tó sọ bí a ṣe lè lo kóòdù, ló wà. Mú un, yí i, tà á, ṣáà jẹ́ kí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ni orúkọ Redis wáá ní àwọn ńláńlá tó ń yá aráyé ní sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ró, ń fi iṣẹ́ àwọn pawó, wọn ò sì mú nǹkan gidi padà wá. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ o. Àmọ́ nínú àwọn márùn-ún tó ń darí kóòdù náà nígbà yẹn, òṣìṣẹ́ Amazon wà níbẹ̀, ti Alibaba wà níbẹ̀. Ta ni kò wá mú nǹkan padà wá nínú wọn? Ọjọ́ 8 péré lẹ́yìn ìkéde náà, Linux Foundation, àjọ tó ń bójú tó sọ́fítíwià ọ̀fẹ́, gbé Valkey jáde, tí wọ́n fà yọ lára Redis 7.2.4, pẹ̀lú Amazon, Google àti Oracle lẹ́yìn rẹ̀.

Láísẹ́ǹsì tuntun náà kò dí wa lọ́wọ́ rárá, a kì í ta Redis fún ẹnikẹ́ni. Agbẹjọ́rò ló ní ẹni tó yí i lẹ́ẹ̀kan lè tún un yí. A kó lọ sí Valkey. Ní oṣù Karùn-ún 2025, wọ́n tún un yí lóòótọ́, wọ́n fi AGPL, láísẹ́ǹsì sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ kan, kún un. A ò padà.

Tíṣà Bódìjà:
Èmi máa ń gbé Moodle, sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kalẹ̀ fún àwọn ilé-ìwé aládàáni n'Íbàdàn. Màmá kan tó ni ilé-ìwé wo ìwé owó tí mo kọ, ó ní, “Tíṣà, ọmọ mi ní ọ̀fẹ́ ni nǹkan yìí. Kí lẹ ń gba gbogbo èyí fún?” Mo ní, “Mà, kò sí owó Moodle níbẹ̀. Owó sáfà ni, owó àdàkọ tí mò ń fi pamọ́ ni, àti owó kí n dìde lóru nígbà tí àwọn ọmọ ò bá rí ìdánwò ṣí.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣì ná an ṣá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé kóòdù Moodle wà lábẹ́ láísẹ́ǹsì GPL, ó wà fún gbogbo ayé, àmọ́ orúkọ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò lè kọ “Moodle” sára pátákó mi láti fi polówó iṣẹ́ mi. Àwọn alábàáṣepọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ló lè ṣe ìyẹn, wọ́n sì ń san lára owó tó ń wọlé fún wọn padà fún iléeṣẹ́ tó wà ní Perth, ní Australia. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan ń ráhùn. Lójú tèmi, kò sí ètò tó bójú mu jù ú lọ: orúkọ ń pawó, kóòdù wà ní gbangba.

Ará Manchester:
Èmi wà lára àwọn tí ẹ ń bínú sí. Sọ́fítíwià tiwa ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ àti èyí tí à ń tà. Apá tó ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ fi àkáǹtì iléeṣẹ́ rẹ̀ wọlé, títà la ń tà á. Ọmọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí jókòó kọ ọ́, ó fi pull request ránṣẹ́, ìyẹn ni pé ó ní kí a gba kóòdù òun wọlé, iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní. Ọ̀gá mi ní, “Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná.” A ò gbà á, a ò kọ̀ ọ́. Ọmọ yẹn á fọ̀wọ̀ béèrè, wọ́n á ní kí n dáhùn pé a ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó sàn kí wọ́n kọ̀ ọ́ lójú.

Mo sọ ọ́ ní ìpàdé pé kí á kọ ohun tó jẹ́ títà síta, kí ẹnikẹ́ni má fi agbára rẹ̀ ṣòfò. Àwọn tó ń bá wa ta ọjà bínú gidi. Nígbẹ̀yìn wọ́n gbà. Ọmọ náà kà á, ó dúpẹ́, ó lọ. Kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ka ìwé àdéhùn tí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí kí wọ́n tó gba kóòdù yín. Tiwa sọ pé a lè gbé e sábẹ́ láísẹ́ǹsì tó bá wù wá. Linux, sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, kò ní irú rẹ̀: oníkálukú ló ni ẹ̀tọ́ ohun tó kọ, ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ kan ṣoṣo kò fi lè dá yí láísẹ́ǹsì rẹ̀, bó ti wù kó san owó oṣù fún ẹlẹ́rọ tó.

Mò-ń-wò-yín:
OpenSSL, sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ńkọ́? Kí àléébù ààbò inú rẹ̀ tí wọ́n pè ní Heartbleed tó hàn síta ní 2014, ọrẹ tó ń wọlé fún wọn lọ́dún kò ju nǹkan bíi $2,000 lọ, bẹ́ẹ̀ báńkì ń lò ó. Ọmọ Yaba, ṣé iléeṣẹ́ yín fún Redis ní kọ́bọ̀ rí?

Ọmọ Yaba:
Rárá o. Valkey náà kò tíì rí nǹkan gbà. Mo fi owó díẹ̀ sínú ètò ìnáwó wa fún un, ọ̀gá àkáǹtì ní ta ló máa fún òun ní risíìtì lórí ohun tí a ò rà. Ẹni tí iléeṣẹ́ rẹ̀ bá ti rí ọ̀nà gbé e gbà, kó jọ̀ọ́ bá mi sọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé.