Èsì: Ẹ jẹ́ ká fi “àwárí” sílẹ̀ fún nǹkan ọbẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Oǹdó béèrè lánàá pé kí la ó máa pe orin tó ti wà nínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ẹni tipẹ́, téèyàn fẹ́ràn nígbà kan, tó gbàgbé rẹ̀ pátápátá, tó wá ṣàdédé tún gbọ́. Àwọn fúnra wọn dábàá “orin àwárí”. Ẹnì kan ní “orin àtúnrí” ló dáa jù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o, n kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Gbogbo wa la mọ̀ pé àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Agídí wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn: ẹni tó ń wá irú àti ata fún ọbẹ̀ alẹ́ kò ní padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ta ló wá orin ní tiwa yìí? Ẹni tó bá ń wá a kò tíì gbàgbé rẹ̀ nìyẹn. “Àtúnrí” sàn díẹ̀, àmọ́ ó ń ṣe bíi pé orin náà sọnù. Kò sọnù. Ibi tá a gbé e sí ló wà.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣe mí ní Sátidé tó kọjá, ní Àkúrẹ́ níbí. Iná dé (ẹ ṣáà mọ̀ pé àlejò ni), mo bá tan kọ̀ǹpútà mi àtijọ́. Fódà kan wà níbẹ̀ tí mo kọ “Arákàlẹ̀” sí. Ọmọkùnrin kan tó ń kó orin sí mẹ́mọ́rì fúnni ní Arákàlẹ̀ ló bá mi kó àwọn orin inú rẹ̀ jọ lọ́jọ́sí, mo sì gbé kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi fún un pé kó sọ wọ́n di MP3. Mo ní kí kọ̀ǹpútà náà ṣọ́fù gbogbo rẹ̀, kó máa mú èyí tó bá wù ú láìtò wọ́n, mo bọ́ sídìí odó. Orin ń lọ, mò ń gúnyán, n kò tilẹ̀ fetí sí i. Àfi “mẹ̀ẹ́ẹ̀!” Mo sọ ọmọ odó sílẹ̀, mo jáde lọ lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu. Kò séwúrẹ́ kankan. Inú orin ló ti ké.

Àbúrò mi pariwo láti yàrá: “Orin eléwúrẹ́!” Bàbá wa ló gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì síwájú sípíkà aládùúgbò ní Òkè-Àró láyé ìgbà yẹn, tó gba orin sílẹ̀, ewúrẹ́ wá kọjá. Ìyá tó wà ní yàrá kejì sì mọ bàbá wa dáadáa. Wọ́n yọjú, wọ́n ní: “Háà, àrìnnàkò rèé o!”

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an nìyẹn. Ẹ tú u wò: ìrìn, ọ̀nà, àti “kò” tó wà nínú “mo kò ó lọ́nà”. Ẹ ò bá a ṣàdéhùn, ẹ ò wá a, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n. Orin tí ṣọ́fù mú pàdé wa lójijì, orin àrìnnàkò ni. Kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé ó jọ àrìnfẹsẹ̀sí. Ìyẹn ní oògùn tiẹ̀.

Orúkọ ló sọnù ní tèmi. Ẹ wo àmì ID3, ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ orin àti ti olórin sí, tí wọ́n ń fi sídìí fáìlì MP3 láti 1996: báìtì 128 péré ni, àyè lẹ́tà 30 ni wọ́n fún orúkọ orin, 30 fún olórin. Kò sí àyè fún ẹ, ọ tàbí ṣ nínú lẹ́tà tí wọ́n ń lò fún un. Ó dẹ̀yìn kó tó gbòòrò. Kí la ó tiẹ̀ kọ síbẹ̀? Ojú kásẹ́ẹ̀tì C60 kan lódindi ni fáìlì tèmi, ìṣẹ́jú 30. Olórin jùjú ayé 1970 sì máa ń so orin mẹ́ta mẹ́rin mọ́ra lójú àwo kan. Ebenezer Obey ṣe é, Sunny Adé náà ṣe é (ọmọ Oǹdó ni Sunny, kí ẹ̀gbọ́n wa lè rẹ́rìn-ín díẹ̀). Èyí téèyàn fẹ́ràn lè wà láàárín méjì mìíràn, kó má lórúkọ tirẹ̀ níbì kankan. “Track 07” ni ọmọkùnrin yẹn kọ sí i, n kò lè bá a jà.

Mo ti tún un kọ báyìí. Orúkọ orin: Eléwúrẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kọ̀ǹpútà gba ẹ àti àmì orí rẹ̀. Mo ṣì fi àyè olórin sílẹ̀ lófìfo, torí àbúrò mi ní dandan ewúrẹ́ náà la gbọ́dọ̀ kọ síbẹ̀.