Màmá mi ń bọ̀ lọ́la, wọ́n sì ti lu etí ọmọ mi

Ọmọ Pásítọ̀ Bàrígà béèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín kíákíá o, ilẹ̀ ọ̀la ò jìnnà.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo bímọ, obìnrin. Lánàá Sátidé, ìyá ọkọ mi pe nọ́ọ̀sì kan wá sílé wa ní Sùúrùlérè, wọ́n lu etí ọmọ. Mo wà níbẹ̀, mo fọwọ́ sí i, kódà èmi ni mo gbé e lẹ́sẹ̀. Lọ́la ni màmá tèmi ń bọ̀ wá bá mi wẹ ọmọ, oṣù kan gbáko ni wọ́n sì máa lò.

Bẹ́ ẹ bá dàgbà síbi tí mo dàgbà sí, ọ̀rọ̀ náà ti yé yín. Pásítọ̀ ni bàbá mi, ní ìjọ ìwà mímọ́ kan. Kò sí tẹlifíṣọ̀n nílé wa, obìnrin wa kì í wọ ṣòkòtò, a kì í lo yẹtí. Bíbélì la fi ń jí, òun la fi ń sùn. Mi ò sọ pé ìyà jẹ wá o. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, dòní olónìí bí mo bá ń fọ abọ́, ohùn áálítò ló ń jáde lẹ́nu mi. Ẹ̀rù ni ò jẹ́ kí n gbàgbé. Mo ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan, mo bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, ẹ̀wà ń jóná lórí sítóòfù, kò sì sẹ́nì kankan nínú ilé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Mo ní ó parí, ìgbàsókè ti ṣẹlẹ̀, wọ́n ti lọ. Mi ò tiẹ̀ rántí pa sítóòfù. Yàrá alájọgbé wa kan ni mo sáré lọ, torí pé ó ní ọmọ jòjòló, mo sì mọ̀ pé Jésù ò lè fi ọmọ jòjòló sílẹ̀. Ìgbà tí mo rí ọmọ náà tó ń sùn lórí ẹní ni mo tó lè mí. Màmá mi lọ pọn omi ni. Wọ́n nà mí nítorí ẹ̀wà.

Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa nítorí Kòrónà lóṣù kẹta 2020, ara tù mí débi pé ó ya èmi fúnra mi lẹ́nu. Wọ́n ṣí i padà ní Èkó lóṣù kẹjọ, mi ò padà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Bẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ni mo gbà gbọ́ báyìí, màá kàn máa wò yín ni. Ọmọ Áńgílíkà ni ọkọ mi, Kérésì sí Kérésì ló ń lọ. Àwọn òbí mi rò pé ṣọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ ni mò ń bá a lọ, wọ́n sì fara mọ́ ọn tipátipá.

Mo ti ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kí n tó lu etí tèmi, ní Tẹ́júoṣó. Bí mo bá ń lọ sí Bàrígà, inú dánfó ni mo ti ń bọ́ yẹtí, màá fi páúdà dí ojú ihò, màá fa ìborí wálẹ̀ bo etí. Èmi abilékọ!

Ṣé kí n yọ tọmọ kí wọ́n tó dé? Àbí kí n tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Ọjọ́bọ̀ ni ìsọmọlórúkọ, bàbá mi ló sì máa gbàdúrà.

Nọ́ọ̀sì Ìyá Ìbejì:

Má yọ ọ́ o! Ọgbẹ́ tútù ni. Tó o bá yọ ọ́ lálẹ́ òní, kò ní pẹ́ dí, wàá tún wá lu ọmọ ọlọ́mọ lẹ́ẹ̀kejì. Fọ ọwọ́ rẹ kó o tó fọwọ́ kàn án. Omi iyọ̀ tó o sè tó ti tutù ni kó o fi máa nu ún. Kò sí òrí, kò sí àdí, kò sí ewé. Bí etí bá wú tàbí ara ọmọ gbóná, ọsibítù ni, ọmọ tuntun kì í ṣe ẹni à ń wò títí di ọ̀la. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń bọ̀.

Aláwàdà Òṣòdì:

Fìlà onírun ni kó o dé fún un fún oṣù kan. Bí màmá bá béèrè, òtútù ló ń mú un. Ní Sùúrùlérè.

Èmi Náà Ọmọ Pásítọ̀:

Má tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Èmi ṣe é. Mo kọ lẹ́tà gígùn sí bàbá mi lórí WhatsApp, mo to ìdí mi bíi lọ́yà, pẹ̀lú ẹsẹ Bíbélì lórí ìkọ̀ọ̀kan. Àṣé bàbá ò kà á sí lẹ́tà, kókó àdúrà ni wọ́n kà á sí. Ìṣọ́ òru Jímọ́ọ̀ ni wọ́n ti kà á jáde. Odindi oṣù méjì làwọn tí mi ò rí láti kékeré fi ń pè mí láàárọ̀ kùtù, tí wọ́n ń lé ẹ̀mí kan jáde lára mi lórí fóònù. Èyí tó bá wà nílẹ̀ nìkan ni kó o sọ. Yẹtí ló wà nílẹ̀. Tí wọ́n bá béèrè èyí tó kù, dáhùn. Bí wọn ò bá béèrè, jẹ́ kó sùn.

Ìyàwó Òjíṣẹ́:

Ọmọ Ọlọ́run lèmi, mi ò sì fara mọ́ pé o kúrò. Ṣùgbọ́n páúdà tó ò ń fi dí etí yẹn ló dùn mí ju yẹtí lọ, torí irọ́ ni. Pétérù Kìíní orí kẹta ẹsẹ kẹta ni wọ́n fi kọ́ wa, wúrà lílò àti irun dídì. Ẹsẹ yẹn náà ló mẹ́nu ba aṣọ wíwọ̀, mi ò sì tíì rẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ wá sílé ìsìn níhòòhò. Bá màmá rẹ sọ̀rọ̀, kó o sì kúnlẹ̀ tó o bá ń sọ ọ́.

Bàbá Èbúté Mẹ́ta:

Ọmọ mi, ẹ kú ewu ọmọ. Ìbéèrè kan ni kó o bi màmá rẹ: ṣọ́ọ̀ṣì wo ni wọ́n bí wọn sí? Mo lè ta tẹ́tẹ́ (mi ò kì í ta) pé kì í ṣe èyí tí wọ́n wà yìí. Àwa tá a wà nílé ìwé lẹ́yìn ogun abẹ́lé rí bí ìsọjí ṣe gba inú yunifásítì kan. Ọmọ Áńgílíkà àti ọmọ aláṣọ funfun á lọ ilé fún ìsinmi, á wò ojú ìyá ẹ̀, á ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ti kú. Ìyá á sunkún.

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń bá a bọ̀ l'Ékòó. Lọ́dún 1901, nítorí ọ̀rọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, àwọn kan dìde kúrò ní St. Paul's Breadfruit, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan ní Erékùṣù Èkó, wọ́n lọ dá African Church sílẹ̀. Lọ́dún 1925, Mósè Orímọladé àti Àbíọ́dún Akinṣọ̀wọ́n, ọmọbìnrin tó jẹ́ Áńgílíkà, bẹ̀rẹ̀ Séráfù. Inú Kérúbù àti Séráfù yẹn ni Josiah Akindayomi wà tẹ́lẹ̀ kó tó dá Redeemed sílẹ̀ ládùúgbò wa níbí lọ́dún 1952. Gbogbo wọn ló ní ìyá tó ń bọ̀ lọ́la. Pé ìwọ ò lọ ibòmíì, mo mọ̀ pé ìyẹn yàtọ̀. Ṣáà bi wọ́n.

Ọmọ Pásítọ̀ Bàrígà:

Ẹ ṣé gan-an ni. Màmá ti dé láti àárọ̀ Mọ́ńdè. Mi ò yọ yẹtí, tọmọ tàbí tèmi.

Wọ́n gbé báàgì kalẹ̀, wọ́n gba ọmọ, wọ́n ń wò ó láti ẹsẹ̀ lọ sókè. Wọ́n dé etí. Wọ́n wo etí tèmi náà. Wọ́n ní kí n gbé omi gbígbóná wá. Wọ́n ń kọrin bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ, èmi náà ti ń bá wọn gbe áálítò kí n tó mọ̀. Ìgbà tí wọ́n wẹ̀ ẹ́ tán, ọwọ́ wọn lọ sínú òrí. Mo ní nọ́ọ̀sì ní ká má fi òrí sí i.

"Nọ́ọ̀sì wo?"

"Èyí tó lu etí, mà."

Bó ṣe jáde nìyẹn. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ọkọ mi ló gbà bẹ́ẹ̀, mo ní mi ò lọ síbì kankan. "Kankan?" Mo ní kankan, láti 2020. Wọn ò pariwo. Wọ́n sunkún títí ọmọ fi sùn lẹ́sẹ̀ wọn. (Èmi Náà Ọmọ Pásítọ̀, má bínú, wọ́n béèrè ni.)

Lálẹ́ ni mo tó bi wọ́n ní ìbéèrè Bàbá. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Aláṣọ funfun ni ìyá wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n di àtúnbí, wọ́n bọ́ yẹtí wúrà tí ìyá wọn fi owó àjọ rà fún wọn, wọ́n gbé e fún obìnrin kan nínú ọkọ̀. Ìyá wọn ò bá wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún Kérésì kan títí di ìkejì. Wọ́n wá yí etí sí iná fún mi. Àpá wà níbẹ̀, bíi ojú abẹ́rẹ́, ó ti dí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń wojú màmá mi, mi ò rí i rí.

Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn máa bá bàbá mi sọ ọ́, tó bá di lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ. Wọ́n tún ní kí n má bínú sí ariwo o, aago mẹ́ta òru làwọn máa ń dìde gbàdúrà, orúkọ mi ló sì máa ṣíwájú.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá rèé. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ò tíì jí.