Kọntirakítọ̀ jẹ wá ní ₦3,800,000 owó búlọ́ọ̀kù, arbitration sì wà nínú LPO: ọ̀nà wo là ń gbà?

Oníbúlọ́ọ̀kù_Odògúnyàn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Búlọ́ọ̀kù onínáìnì ìnṣì 9,000 ni a kó láti Odògúnyàn lọ síbi tí kọntirakítọ̀ kan ti ń kọ́lé ní Ìgbógbó. ₦650 ni ẹyọ kan, gbogbo ẹ̀ ₦5,850,000. Ó san ₦2,050,000 sí àkáǹtì wa kí tipa tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó, ₦3,800,000 ló kù, ó sì ti pé oṣù mẹ́jọ. Ìrìn tipa 18, wéébíìlì 18, àmọ́ mẹ́ta nínú wọn kò ní ìbuwọ́lù. LPO tó fún wa, ìyẹn ìwé tó fi ní ká kó ọjà wá, sọ pé bí aáwọ̀ bá wáyé, arbitration ni, ìyẹn kí ẹni tí a jọ yàn gbọ́ ọ kó sì dá a, kì í ṣe kóòtù. Ṣé ọ̀nà kóòtù ti dí nìyẹn? Àwọn kan ní ká kó ọlọ́pàá lọ bá a. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wa lóhùn.

Lọ́yà_Ẹ̀bútè
Ẹ fi ọlọ́pàá sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Abala 32 Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn torí pé kò mú àdéhùn ṣẹ lásán. Bí wọ́n bá tì í mọ́lé fún ọjọ́ méjì, ó lè pe ẹ̀yin àti ọlọ́pàá lẹ́jọ́ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ẹ̀yin tí wọ́n jẹ lówó á wá di ẹni tó ń san owó.

Small Claims Court ló bá ọ̀rọ̀ yín mu. Abẹ́ májísíréètì Èkó ló wà láti ọdún 2018. Gbèsè tí iye rẹ̀ ti mọ́, tí kò ju ₦5,000,000 lọ láìka èlé àti owó ẹjọ́, ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Torí náà, ẹ béèrè ₦3,800,000 yín gan-an. Bí ẹ bá fi owó ìdààmú ọkàn àti owó orúkọ tó bàjẹ́ kún un, kì í ṣe gbèsè tí iye rẹ̀ mọ́ mọ́, olùjẹ́jọ́ á sì rí ibi tó máa dì mú.

Kí ẹ tó fi ẹjọ́ sílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún un ní ìwé ìbéèrè gbèsè, Fọ́ọ̀mù SCA 1. Èyí ni ọ̀pọ̀ ń fò, tí wọ́n sì ń pàdánù àkókò. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó bá gbà á buwọ́ lu èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín, kí ó kọ déètì àti orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀sùn gan-an, SCA 2, máa wọ rẹ́jísírì. Tí ìwé ìpè bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, ọjọ́ méje ni ó ní láti dáhùn. Ètò náà ni pé kí ìdájọ́ jáde láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Ẹ kò nílò lọ́yà dandan. Bí ilé iṣẹ́ yín bá jẹ́ Limited, ọ̀gá kan níbẹ̀ lè dúró fún un.

Ibi tí ọgọ́ta ọjọ́ yẹn ti máa ń gùn ni ìgbà tí bélíìfù, òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń gbé ìwé ìpè lọ, kò rí olùjẹ́jọ́. Ẹ lọ wá orúkọ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ Limited, ilé iṣẹ́ náà ni kí ẹ pè, ní àdírẹ́sì tó fi sílẹ̀ ní CAC. Bí ó bá jẹ́ Enterprises, ìyẹn orúkọ òwò lásán, kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú òfin. Ẹni tó ni ín ni kí ẹ pè, kí ẹ kọ orúkọ òwò rẹ̀ mọ́ ọn.

Akọ̀wé_Àdéhùn
Lọ́yà, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ kò tíì fọwọ́ kan arbitration. Òun ló sì lè dá ẹjọ́ yìí dúró.

Arbitration and Mediation Act tí wọ́n buwọ́ lù ní 26 oṣù Karùn-ún 2023 ló rọ́pò òfin ọdún 1988. Abala 5 rẹ̀ ni kí ẹ kà dáadáa. Bí kọntirakítọ̀ yìí bá ní kí kóòtù dúró kó tó fèsì sí ẹ̀sùn gan-an, kóòtù gbọ́dọ̀ dúró, àfi tí àdéhùn náà kò bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tàbí tí kò ṣeé lò. Àmọ́ tí ó bá ti ń jiyàn iye búlọ́ọ̀kù kó tó rántí arbitration, ó ti pẹ́ jù fún un. Nítorí náà, àdéhùn yẹn kò tí ilẹ̀kùn kóòtù pa. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìdíwọ́ náà wà, kì í ṣe ọwọ́ yín.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí ẹ máa so mọ́ SCA 1 pé bí ó bá fẹ́ arbitration, kí ó dárúkọ ẹni tó fẹ́ kó gbọ́ ọ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí LPO kò bá sọ iye adájọ́ àdéhùn, ìyẹn àwọn tó máa gbọ́ arbitration náà, ẹyọ kan ni òfin 2023 fi sí i. Èyí dáa fún yín, torí ẹni mẹ́ta lè jẹ ìdá ńlá nínú ₦3,800,000. Dídákẹ́ rẹ̀ kò pa àdéhùn náà rẹ́, àmọ́ yóò ṣòro fún un láti wá sọ ní kóòtù pé òun ń dúró de arbitration.

Ẹ yẹ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yín wò pẹ̀lú. Ǹjẹ́ ó ti sọ pé òun jẹ yín, pé kí ẹ ní sùúrù? Gbèsè tí onígbèsè ti jẹ́wọ́, lọ́yà lè sọ pé kò sí aáwọ̀ kankan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni máa gbọ́.

Oníbúlọ́ọ̀kù_Odògúnyàn
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá. Ó kọ ọ́ lórí WhatsApp lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé "balance yín á wọlé níparí oṣù." Ṣé kí a ya àwòrán rẹ̀ ti tó?

Akọ̀wé_Kóòtù
Kò tó. Ìwé tó bá jáde látinú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, abala 84 Òfin Ẹ̀rí 2011 ló ń darí rẹ̀. Ẹ tẹ gbogbo ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà jáde, kì í ṣe gbólóhùn tó dùn mọ́ yín nìkan. Kí nọ́ńbà fóònù hàn, torí "Ọ̀gá Ìgbógbó" tí ẹ fi pamọ́ sínú fóònù yín kò fi hàn pé òun ni. Ẹ so ìwé ẹ̀rí mọ́ ọn, kí ẹni tó ni fóònù náà buwọ́ lù ú: irú fóònù tó jẹ́, pé òun ni ẹ ń lò déédéé fún òwò ní àkókò yẹn, pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àti bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ má pa ohun tó wà nínú fóònù náà rẹ́, ẹ má sì tà á.

Ní ti wéébíìlì mẹ́ta yẹn: bí ìrìn tipa kan bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù 500, búlọ́ọ̀kù 1,500 ni, ₦975,000. Ẹ wá déètì wọn nínú WhatsApp. Bí ó bá kọ "wọ́n ti já a" lọ́jọ́ náà, ẹ fi síwájú wéébíìlì kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí, ẹ mú dírẹ́bà tipa wá jẹ́rìí. Bí méjèèjì bá kùnà, ₦2,825,000 ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Lọ́yà_Ẹ̀bútè
Akọ̀wé_Àdéhùn, mo gbà pẹ̀lú yín lórí lẹ́tà yẹn. Mo tún fẹ́ kí ẹ gbìyànjú ìlàjà nígbà tí ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn bá ń lọ. Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó kì í gba owó. Lagos Multi-Door Courthouse náà wà láti 2002; bí ẹ bá fohùn ṣọ̀kan níbẹ̀, tí adájọ́ buwọ́ lu àdéhùn náà, ó di ìdájọ́. Ẹni tó ń sọ pé òun á san níparí oṣù lè gbà láti san án ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ẹjọ́ gbèsè ni ìdájọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí kọ́bọ̀ gbà lórí rẹ̀. Ẹ wo àlẹ́ẹ̀tì ₦2,050,000 tó san: orúkọ báǹkì tó ti wá wà níbẹ̀, àti orúkọ àkáǹtì. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn ìdájọ́, ẹ lè ní kí kóòtù pàṣẹ fún báǹkì náà láti dá owó tó wà níbẹ̀ dúró, kí ó sì wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n fi san gbèsè yín. Garnishee ni wọ́n ń pè é. Ẹ rí i dájú pé orúkọ tó wà lórí ìdájọ́ bá ti àkáǹtì mu. Bí ẹ bá pe ilé iṣẹ́ lẹ́jọ́, tí owó sì wà ní àkáǹtì ọ̀gá rẹ̀ fúnra rẹ̀, báǹkì kò ní fún yín ní nǹkan kan.

Oníbúlọ́ọ̀kù_Odògúnyàn
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo àlẹ́ẹ̀tì náà. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lórí LPO gan-an ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, a ó lọ gba fọ́ọ̀mù ní rẹ́jísírì májísíréètì Ìkòròdú.