Fọ́ọ̀mù àjọ mi ń gbé àmì fún ẹni tí kò san

Àbúrò, Leeds: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. PHP, èdè tí a fi ń kọ ètò ìkànnì, ni mo fi kọ àtẹ owó àjọ fún ẹgbẹ́ wa. Bí èèyàn ṣe ń pọ̀ nínú database (ibi tí a tọ́jú orúkọ sí) ni ìlà ń pọ̀: orúkọ, àpótí iye owó, checkbox (àpótí tí a ń fi àmì sí) "ó ti san". Lánàá, akápò fi àmì sí ẹni kẹta àti ẹni karùn-ún. Nígbà tó fi ránṣẹ́ tán, ẹni kìíní àti ẹni kejì ló jáde! Owó olówó ni o, oorun ò kùn mí.

Ẹ̀gbọ́n, Houston: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Kí lo kọ sí name wọn, orúkọ tí àpótí kọ̀ọ̀kan fi ń dé ọ̀dọ̀ PHP?

Àbúrò, Leeds: san[] àti iye[], ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n, Houston: Ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Checkbox tí wọn ò fi àmì sí kì í kúrò lójú ẹ̀rọ rárá, àmọ́ àpótí owó máa ń dé, bó tilẹ̀ ṣófo. Àmì méjì péré ló dé ọ̀dọ̀ PHP, ló bá kà wọ́n ní 0 àti 1, ìyẹn ẹni kìíní àti ẹni kejì. Fi nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ sínú rẹ̀:

`name="san[<?= $id ?>]"`
`name="iye[<?= $id ?>]"`

Bí o bá ń gbà á wọlé, má tẹ̀lé ohun tó dé. Mú orúkọ láti inú database lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o fi `isset($_POST['san'][$id])` wò ó bóyá onítọ̀hún san. Kí o sì fi htmlspecialchars (tó ń sọ àmì HTML di ọ̀rọ̀ lásán) bo orúkọ kó tó bọ́ sínú àtẹ, jọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì, Maryland: Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Àbúrò, ti wa tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn 90, oṣù 12 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan: àpótí 1,080. Bí èèyàn ò bá sì fọwọ́ kan max_input_vars (iye àpótí tí PHP lè gbà lẹ́ẹ̀kan) nínú php.ini, fáìlì ètò PHP, 1,000 ni PHP máa gbà. Ìyókù á já sílẹ̀, akápò ò ní rí nǹkan kan lójú rẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ àtẹ la ń pè ní onígbèsè, wọ́n sì ti san! Ó dùn mí títí dòní. A lè fi kún iye yẹn, ṣùgbọ́n oṣù kan ṣoṣo ni mo ń jẹ́ kí fọ́ọ̀mù gbé báyìí.

Àbúrò, Leeds: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti yí i padà. Mo fi àmì sí 3 àti 5, 3 àti 5 náà ló jáde. Mo ń pe akápò lọ́wọ́ báyìí, ká jọ fi rìsíìtì yẹ àwọn oṣù tó ti kọjá wò.