Ẹni tí òjìjí bá ti gbé rí, ẹ sọ tiyín

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé:
Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ òjìjí ni mo gbé wá. Àwọn ọmọ tí à ń bí n'Ìbàdàn báyìí, tí ẹ bá ní ẹja kan wà tó ń gbé èèyàn bí iná mànàmáná, wọ́n á ní àlọ́ lẹ̀ ń pa.

Bàbá mi máa ń dẹ àwọ̀n sí adágún Ẹlẹ́yẹlé, omi tí wọ́n sé lórí odò Ọ̀nà lọ́dún 1942 kí ará ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo bá wọn lọ tú àwọ̀n. Ẹpìyà, àrọ̀, ẹpìyà, ni nǹkan kan tó rọ̀ múlọ́múlọ́ bá já bọ́ sínú ọkọ̀. Ara rẹ̀ rí eérú-eérú, àmì dúdú tò kiri lára rẹ̀. Kò ní ìpẹ́, kò sí lẹbẹ kankan lẹ́yìn rẹ̀ àfi kékeré kan nítòsí ìrù. Ojú tín-ín-tín, ètè kìǹbà, irùngbọ̀n mẹ́fà lẹ́nu. Mo nawọ́ sí i. Ohun tí mo tún mọ̀ ni pé ìdí mi ti balẹ̀, apá mi sì ti kú dé èjìká. Bàbá mi ò tiẹ̀ wò mí. Wọ́n ní, "Òun nìyẹn. Fi igi gbígbẹ tì í sínú agbọ̀n."

Abẹ́ awọ rẹ̀ ni ohun tó ń ṣe iná yẹn wà, ó yí gbogbo ara rẹ̀ po. Èyí tó bá dàgbà dáadáa lè ta tó 350 volt. Iná ilé wa ò ju 220 sí 240 lọ o, nígbà tí wọ́n bá tiẹ̀ mú un wá! Ṣùgbọ́n kíá ni ti òjìjí ń kọjá, òun ni kì í fi í pa èèyàn. Òru ló fi ń jẹ̀, ẹja kéékèèké ló sì ń fi iná náà dá kú. Tílẹ̀ bá ti mọ́, ó di inú ihò, abẹ́ òkúta, abẹ́ gbòǹgbò igi etí odò, níbi tí omi kì í ti í sáré, tí ẹrẹ̀ sì pọ̀.

Ibi tí mò ń bọ̀ nìyẹn. Òjìjí ti wọ́n lódò Ìbàdàn, wọ́n sì máa ń ní apẹja ló pa á tán. Mi ò gbà. Ilé rẹ̀ la wó. Odò Ògùnpa tí wọ́n fi kọnkéré ká lọ́tùn-ún lósì lẹ́yìn omíyalé 31 Oṣù Kẹjọ 1980, ihò wo ni òjìjí á rí sùn sí níbẹ̀? Mi ò ní kí wọ́n má ṣe é o, ẹni tó rí òkú ọdún yẹn ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Etí Ọ̀nà ńkọ́? Ilé ti kọlu odò, wọ́n ti gé igi tán, ìdọ̀tí àdúgbò ló ń wọ́ lọ síbẹ̀.

Ìyá Wálé, Àpáta:
Ọmọ mi, o ṣeun, àmọ́ má gbe àwọn apẹja. Èmi ni mò ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan wà tó jẹ́ oògùn tí wọ́n fi ń fín kòkó ni wọ́n ń dà sódò. Wọ́n á dà á sókè, wọ́n á lọ dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. Èyí tó wà nínú ihò gan-an á jáde wá kú. Tí wọ́n bá gbé ẹja dé ọ̀dọ̀ mi tí mi ò rí ojú ìwọ̀ tàbí ojú àwọ̀n lára rẹ̀, mi ò ní ná an rárá.

Òjìjí gbígbẹ wà lọ́jà Bódè, lọ́dọ̀ àwọn lẹ́kulẹ́ja. Mo bi ọ̀kan nínú wọn léèrè, ó ní Kainji ni wọ́n ti ń kó o wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹja:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọ̀rọ̀. Àjọ IUCN, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń wo ẹ̀dá tó fẹ́ parẹ́, ò ka òjìjí mọ́ ẹ̀dá tó fẹ́ parẹ́ láyé, torí ó wà láti odò Náílì títí dé Ọya. Èyí ló ń jẹ́ kó rọrùn láti pàdánù rẹ̀ nínú odò kékeré láìsí ẹni tó máa ké. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá tún rí i, kó kọ oṣù tó rí i síbí, àti bí etí odò ibẹ̀ ṣe rí.

Bàbá Aṣẹ̀jìrẹ́:
Mo rí ọ̀kan nígbà òjò tó kọjá, lódò Ọ̀ṣun, lábẹ́ igi kan tí gbòǹgbò rẹ̀ wọ omi. Ìwọ̀ ló gbé e. Mo fi ọ̀bẹ eléèkù igi gé okùn ìwọ̀, mo jẹ́ kó máa lọ. Ìyàwó mi ò tíì dárí jì mí, ó ní ọbẹ̀ òjìjí ò lẹ́gbẹ́.